Bí Mo Ṣe Tẹ̀lé Joan Lọ Síbi Eré Orí Yìnyín

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi jáde ní basement wa, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí à ń gbé ní àdúgbò Falconridge. Snow ti bo ọ̀nà, òtútù sì ń ta mí nímú bí ata. Ní Nàìjíríà, bí owó epo bá wálẹ̀, ayọ̀ ni. Ní Calgary níbí, ìlú elépo ní ilẹ̀ Canada, ẹkún ni. Owó epo tó já wálẹ̀ ló gba iṣẹ́ ẹnjiníà lọ́wọ́ mi, mo sì ti ń jókòó sílé látìgbà náà.

Joan, aládùúgbò wa, ló ní kí n tẹ̀ lé òun. Òun ni olórí ẹgbẹ́ tó gba ife curling ilẹ̀ yìí nígbà kan, kí orúnkún tó dá a dúró. Curling ni eré tí wọ́n ti ń ti òkúta ńlá tó ní ọwọ́ ìdìmú lórí yìnyín, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ á máa fi ìgbálẹ̀ gbá iwájú rẹ̀ kó lè yọ̀ jìnnà. Òkúta tó bá sún mọ́ àárín àmì jù ló jàre. Nílé wa, ta ló fi ìgbálẹ̀ gba ife rí?

Lọ́jọ́ náà, Joan ló máa sọ bí àṣekágbá ìdíje curling ṣe ń lọ lórí rédíò, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wà lára àwọn méjì tó fẹ́ gbá àṣekágbá náà. Bí a ṣe ń kọjá Marlborough, tí mọ́tò ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, mo bi í pé, "Ma, ẹ̀rù ò bà yín?" Ó ní kí n yé pe òun ní Ma. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, torí àwọn èèyàn ń retí kóun gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀rẹ́ òun.

Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lókè, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú kọfí àti dónọ́ọ̀tì. Ó wá ku òkúta kan ṣoṣo, ọwọ́ Debbie, ọ̀rẹ́ Joan nínú ẹgbẹ́ àtijọ́, ló sì wà. Bó bá dúró láàárín àmì, wọ́n borí. Debbie tì í. Ariwo sọ. Èmi náà ti dìde, mò ń pariwo láìmọ̀.

Joan sọ sínú maikirofóònù pé, "Ó yára jù. Kò ní dúró."

Òkúta ò tíì dé ìdajì ọ̀nà nígbà yẹn. Ó yọ̀ títí, ó kọjá àmì. Omi bọ́ lójú Joan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó yin àwọn tó borí, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rí i ṣe, títí ó fi yé èmi tí mi ò mọ nǹkan kan. Nígbà tó parí, Debbie gòkè wá bá wa. Mo rò pé ìjà dé. Ó kàn dì mọ́ ọn ni.

Nígbà tí à ń bọ̀, mo bi í bó ṣe tètè mọ̀.

Ó ní, "Orúnkún mi ló bàjẹ́. Ojú mi ò bàjẹ́."

A délé. Ọmọ mi sáré pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà: "Daddy, who won?" Mo sọ fún un. Mo wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ibi lesson tó ń wá olùkọ́ ìṣirò ní Abbeydale, tí mo ti ń kọ̀ torí pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà, màá lọ síbẹ̀ ní Mọ́ńdè. Epo ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kò gba ìmọ̀.

Ìyàwó mi wò mí títí. Ó ní kí n kọ́kọ́ bọ́ bàtà, pé snow ti kún ilé.