Bátìrì Orí Àpáta

Mo rántí pé iṣu èlùbọ́ ni ìyàwó mi ń sá lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Ìlọ́fà, lọ́jọ́ tí a wà pọ̀ kẹ́yìn. Létí àpáta náà ló to bátìrì kéékèèké mẹ́rin sí, àwọn tó ń bá kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ nígbà tí kò bá sí iná. Àlòkù ni kọ̀ǹpútà náà. Ìjọ wa ló rà á, wọ́n sì gbé e sí pálọ̀ wa nítorí pé ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ títẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Inú rẹ̀ ló ń tẹ orin ìkórè àwọn ìyá ìjọ sí, ní èdè wa.

“Ṣé bátìrì tọ́ọ̀ṣì lo pè é ni?” ni mo bi í. “Ra tuntun.”

“Tíṣà, ẹ jẹ́ kí ó yá oòrùn díẹ̀. Ẹ̀yin náà ti ń rẹ̀wẹ̀sì látọjọ́ yìí, ṣé mo ti fi tuntun pààrọ̀ yín?”

Mo rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́, ó dá wọn padà sínú ẹ̀rọ, ó ní orí ń fọ́ òun, ó lọ dùbúlẹ̀. Kò jí mọ́.

Àwọn àgbà tó wá kí mi ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Mo ti fi òwe yẹn kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìbéèrè rí bóyá eérú fẹ́ iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wá gba orin. Mo tan kọ̀ǹpútà. Agbára tí oòrùn fún bátìrì ti tán. Ẹ̀rọ náà ti gbàgbé ọjọ́, ó sì ti gbàgbé pé òun ní ibi tí òun ń kó nǹkan pamọ́ sí.

“Tíṣà, ṣé orin ìyàwó yín ti lọ nìyẹn?”

“Kò lọ, mà. Bátìrì tuntun ló ń fẹ́.”

“Ẹ wá fi sí i. Ìyàwó yín nìkan ló mọ ẹsẹ kejì.”

Mo ní màá fi sí i, n kò ṣe é. Bátìrì wà lọ́jà, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyàwó mi ló kan àwọn ti inú ẹ̀rọ kẹ́yìn. Mo sì mọ̀ pé bátìrì tó bá gbó a máa ṣomi, omi náà a sì máa jẹ ẹ̀rọ.

Ìyá ẹgbẹ́ padà wá. “Tíṣà, ìkórè kò ní dúró dè wá o.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣí ẹ̀rọ náà. Omi ti ń yọ lára ọ̀kan. Mo yọ wọ́n, mo fi tuntun sí i. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè nípa ohun tó ti gbàgbé. Mo ti jókòó ti ìyàwó mi lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tó ń dáhùn wọn, mo rò pé oúnjẹ ni mo ń dúró dè. Mo mọ ìdáhùn náà.

Mo ti darúgbó báyìí, inú àpò ni ọmọ mi ń gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí. Ìbéèrè ìkẹyìn nìkan ni n kò tíì gbàgbé: ọjọ́ wo la wà? Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó rẹ̀ mí láti dáhùn. Ọjọ́ èlùbọ́ orí àpáta ló wà lọ́kàn mi. Mo jókòó síbẹ̀ títí, lẹ́yìn náà mo tẹ ọjọ́ tí a wà gan-an. Orin rẹ̀ jáde, tòun ti ẹsẹ kejì.