Ọkọ̀ Tó Mọ Ìkúnlẹ̀

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Jẹ́-n-wò fi ṣọ́ yàrá ẹrù nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ kan ò jáde níbẹ̀ rí kó má kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò tojú tẹ̀yìn. Bí ọ̀gá pátápátá bá ní kó fún òun ní òwú, á ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó ná, sà." Ibẹ̀ lorúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ka gbogbo ẹrù yàrá náà, bọ́tìnì kan péré ni wọn ò rí. Ó ń dùn ún dòní olónìí. Ó ní ẹnì kan ló jí i.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi ìfura sílẹ̀ síbi iṣẹ́ kó tó máa bọ̀ nílé. Gáràwá ilé wọn ní àmì, àga ní àmì, ìdí ìkòkò pàápàá ní àmì: ìlà mẹ́ta, méjì gùn, ìkẹta kúrú. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àfi kí ìyàwó rẹ̀ máa ṣọ́ra tó bá sùn. Obìnrin náà á kàn rẹ́rìn-ín, torí ó ti mọ ẹni tí òun fẹ́.

Ìbàdí obìnrin náà, tí gbogbo wọn ń pè ní ìyá, ti bàjẹ́ láti bí ọdún mẹ́rin, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í gbéra nílẹ̀ ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Nítorí rẹ̀ ni Jẹ́-n-wò ṣe ra jíìpù tó rà. Ọkọ̀ náà kò ní sípíríǹgì onírin lábẹ́ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Báàgì rọ́bà mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn ló gbé e dúró. Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì kan, afẹ́fẹ́ á jò kúrò díẹ̀, ọkọ̀ á rọra lọ sílẹ̀ títí àga rẹ̀ á fi bá ìdí ìyá dọ́gba. Á jókòó, á fa ẹsẹ̀ wọlé, ó parí. Ọmọlúàbí ni ìyá ń pe ọkọ̀ náà, ó ní òun ò rí ọkọ̀ míì tó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fágbà.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, Ọmọlúàbí á gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá. Ẹ̀gbọ́n yìí kò ríran mọ́, fóònù kò sì ní láárí lójú rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni lè sín ohùn ẹni jẹ nínú fóònù. Àfi kó fọwọ́ kan àbúrò rẹ̀ kó tó gbà pé ó wà láàyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n jí bá ọkọ̀ tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Wọ́n ṣíná sí i, páńpù afẹ́fẹ́ kérora títí, ọkọ̀ gbéra díẹ̀, ó tún wólẹ̀. Ọjọ́bọ̀ méjì kọjá tí wọn ò lè jáde. Nígbà tó di ìkejì, ìròyìn dé pé ẹ̀gbọ́n kò jẹun mọ́. Ó ní àbúrò òun ti kú, wọ́n ń fi pa mọ́ fún òun.

Ni Jẹ́-n-wò bá fi agídí wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Sípánà, obìnrin tó ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Obìnrin náà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́.

"Bàbá, àwọn báàgì yìí ti lọ. Tuntun ẹ̀ ò sí mọ́, wọn ò ṣe é mọ́. Tá a bá ra àlòkù, kò ní lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ jẹ́ ká yọ gbogbo ẹ̀, ká fi sípíríǹgì onírin sí i."

"Ṣé á ṣì máa kúnlẹ̀?"

"Rárá o. Sípíríǹgì ò mọ ìkúnlẹ̀. Bó bá ṣe dúró náà ló máa wà."

Etí Jẹ́-n-wò gbọ́, inú rẹ̀ ò gbà. Bí báàgì ọ̀hún bá ti bàjẹ́ lóòótọ́, kí ló dé tó fi ń wu obìnrin yìí láti yọ ọ́? Ó dá a lójú pé oníbàárà kan wà níbì kan tó ń dúró de báàgì òun. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ò jẹun, Ọjọ́bọ̀ sì tún ti dé. Ó gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé òun á jókòó tì í, gbogbo ohun tó bá yọ, inú àpò òun ni yóò balẹ̀ sí.

Ó jókòó lóòótọ́. Bí Àǹtí Sípánà bá lọ mú jáàkì, á dìde, á tẹ̀ lé e. Bó bá mumi, á wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà yà sẹ́yìn ògiri láti dáhùn fóònù, ojú Jẹ́-n-wò yọ níbẹ̀.

"Bàbá, ọkọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ṣé kí n bá yín kí i?"

Báàgì àkọ́kọ́ jáde. Jẹ́-n-wò gbà á, ó yí i, ó rí àmì rẹ̀: méjì gùn, ìkẹta kúrú. Ìkejì ní àmì, ìkẹta ní, ìkẹrin náà ní. Ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ ohunkóhun. Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ká aṣọ sókè fún ìjà kì í fẹ́ gbọ́ pé kò sí ọ̀tá.

"Ó dáa. Ta ló wá gún un?" ló bi í. "Ìwọ ni mo gbé e wá bá lóṣù tó kọjá fún bíréèkì. O gún un kí n lè padà wá."

Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yíjú sí wọn. Àǹtí Sípánà gbé abọ́ omi kan wá. Ó po ọṣẹ sómi nínú abọ́, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú báàgì kan, ó da omi ọṣẹ lé e lórí. Ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ méjì gùn, ìkẹta kúrú.

Ó mú báàgì kejì, bákan náà ni.

"Bàbá, kí ni wọ́n fi fa ìlà yìí?"

Ọ̀dà kì í dúró lára rọ́bà, Jẹ́-n-wò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀bẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Kò gé e já nígbà yẹn. Bí rọ́bà ṣe ń wú tó ń sọ̀ lójoojúmọ́ ni ìlà náà ń jinlẹ̀ sí i. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

"Ẹ fi sípíríǹgì yẹn sí i," ló sọ. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì wojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ti wọ aṣọ òde, ó ti gbé àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Jẹ́-n-wò tẹ bọ́tìnì, bóyá nítorí àṣà, bóyá nítorí àdúrà. Ọkọ̀ dúró gbọn-in.

"Ó ga," ni ìyá wí. Ó gbé ẹsẹ̀, kò dé ibì kankan. "Ta ló bà á jẹ́ báyìí? Ṣé Àǹtí Sípánà tẹ́ ẹ ń sọ yẹn náà ni?"

Irọ́ ti wà nílẹ̀, ó kàn kó gbé e ni. Jẹ́-n-wò wo ẹsẹ̀ obìnrin náà tó ń gbọ̀n.

"Èmi ni," ló wí. "Ọ̀bẹ tí mo fi ṣàmì sí i ló gé e."

Ìyá fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn. Ó jókòó padà sórí àga ẹnu ọ̀nà. Jẹ́-n-wò ò tó ẹni tó ń dá gbé e, ó sì mọ ẹni kan ṣoṣo tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó fẹsẹ̀ rìn padà lọ bẹ obìnrin tó pè ní ọ̀daràn lójú gbogbo ayé. Ó ro pé wọ́n á lé òun. Àǹtí Sípánà kàn gbọ́ ọ tán, ó sì kó pákó tó nípọn dání tẹ̀ lé e wálé. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ní ìpele mẹ́ta, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ó di ìyá mú lẹ́yìn, Jẹ́-n-wò dì í mú níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ṣe gùn ún dénú ọkọ̀, pẹ̀lú òógùn lójú.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ìyá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, ó fọwọ́ pa ojú àbúrò rẹ̀, ó pa imú, ó pa etí méjèèjì, ó tún padà sí imú. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún.

"Wọ́n ní ọkọ̀ ló bàjẹ́. Mo ní irọ́ ni."

"Kì í ṣe irọ́. Ó bàjẹ́."

"Ta ló bà á jẹ́?"

Ìyá yíjú sẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ dúró sí.

"Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Jẹ́-n-wò gbọ́. Kò lè wọlé mọ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó bo ojú, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.