Mo Jókòó Lórí Ògiri Iyàrá Ìkàwé Wa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà, mo bá bíríkìlà wa jà lónìí, mi ò sì ní tọrọ àforíjì.

Ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Lánàá, ọmọ-ọmọ mi tó wà ní yunifásítì mú mi wọ ilé ìkàwé wọn n'Ìbàdàn. Ihò ló kún ara ògiri rẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán. Oòrùn ń jó níta, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ wa nínú! Ọmọ-ọmọ mi ní ilé ikán ni ẹni tó yàwòrán rẹ̀ wò kọ́ ọ.

Bí mo ṣe dé Igbó-Ọrà láàárọ̀ yìí, mo bá Sùlé bíríkìlà níbi iyàrá ìkàwé tiwa tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Fèrèsé kékeré kan ló fi sílẹ̀, ó fẹ́ dí ìyókù pa.

Mo ní, "Sùlé, fi ihò sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Táyé, ṣé ilé ẹyẹlé lẹ fẹ́ ni? Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná."

"Ìdí tiwa ti gbóná tó! Ooru kì í jẹ́ ká kàwé kí oorun tó gbé wa lọ."

Mo bá jókòó sórí ògiri, níbi tí búlọ́ọ̀kù tó kàn yóò wà. "Ó yá, tò ó lé mi lórí."

Ó gbé búlọ́ọ̀kù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ni yóò wá mọ búlọ́ọ̀kù oníhò?"

"Àwa tí a fẹ́ kàwé níbẹ̀ ni."

Mo ti bá yín dáhùn nìyẹn. Ta ló ń bá mi po yẹ̀pẹ̀ lọ́la? Ẹni tó bá ní mo ṣàṣejù, kó wá sọ ọ́ lójú mi, kó sì mú korobá dání.