Ìlà Tí Mo Fà Sórí Bébà Dúdú

Ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi Josiah Tapsell fi tọ́jú àkèré fún Dókítà Harcombe ní Cambridge. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fojú di iṣẹ́ yẹn, kó lọ wọ irà nígbà òtútù ná. Kí n tó débẹ̀, mo ń gbẹ́ orúkọ sára òkúta ibojì, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Ọwọ́ yẹn ló kó bá mi.

Èmi ni mo ń fi èéfín fìtílà kun bébà títí á fi dúdú. Ọ̀gá á yọ ọkàn àkèré tó ṣì ń lù, á so ó mọ́ pòròpórò tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọkàn bá ti ń lù, pòròpórò á máa ha ìlà funfun sórí bébà. Èmi náà ni mo ń ri bébà náà sínú fániṣì kí ìlà rẹ̀ má bàa parẹ́, torí bí nǹkan bá fara kàn án ṣáájú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kán ìwọ̀nba tó kù nínú oògùn tó ń dán wò sí ọkàn àkèré kan, ó sì sáré lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Apá ẹ̀wù mi nu ìlà orí bébà náà kúrò. Mo wọ̀tún wòsì, kò sẹ́nìkan. Mo tún èéfín kùn ún, mo mú abẹ́rẹ́, mo fa ìlà náà padà, gbogbo rẹ̀ dọ́gba rẹ́gí. Ó tiẹ̀ wù mí lójú.

Ọ̀gá wò ó títí. Ó ní, "Mo rò pé mo rí i tó dúró díẹ̀, Tapsell. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń sọ pé oògùn yìí á dá a dúró. Àṣé irọ́ ni mò ń pa."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ohun tó tẹnu mi jáde ni pé kó jẹ́ kí n gbọn kóòtù rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní òun ṣìnà. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ fún Keziah ìyàwó mi nílé.

Ó ní, "Bàbá Ruth, ẹnu tí ẹ fi ń jẹ oúnjẹ ọkùnrin yẹn, ẹ ò lè fi sọ òótọ́ fún un?"

Mi ò lè sọ ọ́. Ojú ń tì mí, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ìtìjú náà sì ń wúwo sí i títí ọ̀gá fi kú.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá mi pé kí n gbẹ́ orúkọ sára òkúta rẹ̀. Ó ní, "Ó máa ń sọ pé ọwọ́ yín kì í purọ́."

Mo gbẹ́ ẹ. Gbogbo ìlà rẹ̀ dọ́gba rẹ́gí, mi ò sì lè gbójú sókè wo obìnrin náà.