Ọjọ́ Tí Mo Ní Kó Kúnlẹ̀

Àbíkẹ́yìn mi ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà lẹ́nu mi.

Ọdún mẹ́jọ ló fi wá oyún yẹn. Ó ní kò sóhun tí òun ń tọrọ ju kí òun pọn ọmọ sẹ́yìn gba ọjà Dówà kọjá, kí àwọn tó ń pe òun lágàn rí i. Nígbà tó pé oṣù méje, ó wá sọ́dọ̀ mi ní Tokpota. Egungun iwájú, níbi tí itan méjèèjì ti pàdé, ń ro ó bí ẹni ń fi ọ̀bẹ là á. Bó bá fẹ́ yí padà lórí ibùsùn, á fi eyín di aṣọ mú.

Mo ní, "Oyún ni. Èmi bí mẹ́fà, mo sì ń ru igi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá ti tún gbé igi yẹn dé."

Ìyá ọkọ rẹ̀ wá kí wa láti Àjàrá. Ọmọ mi kò kúrò lórí ìjókòó, ó tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, mi ò lè kúnlẹ̀."

Obìnrin náà kò wò ó, èmi ló wò. "Ìyàwó wa mà ti dàgbà o. Àbí èmi ni kí n kúnlẹ̀?"

Ojú tì mí. Ọmọ tí kò bá kúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Mo ní, "Dìde níbẹ̀! Kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ."

Ó wò mí. Ó fi orúnkún ọ̀tún kanlẹ̀. Kí tòsì tó tẹ̀lé e, nǹkan ró kọ̀ lára rẹ̀. Ó kí i tán, kò lè dìde mọ́. Àwa ìyá méjèèjì la gbé e.

Agbẹ̀bí tí a gbé e lọ bá ní oyún ló dẹ ohun tó so egungun náà pọ̀. Kó má ya ẹsẹ̀, kó má fi ẹsẹ̀ kan dúró. Kó pa orúnkún pọ̀ tó bá ń dìde, kó fi ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀ sùn. Ó fi aṣọ di ìbàdí rẹ̀. Ó wá béèrè, "Kí ló ṣe é tó fi burú báyìí?"

Mo tú gèlè mi, mo tún un wé.

Ọmọ mi ní, "Mo ṣubú ni, ní balùwẹ̀."

Ó bímọ láyọ̀. A rò pé ìrora yóò bá ibi ọmọ lọ, kò lọ. Ó ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ ọ, lórí ẹní, láràárọ̀. Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ tó bá ti tẹ̀ ba láti gbé ọmọ sẹ́yìn, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ni mo ń pọn ọmọ. Òun á rọra máa tẹ̀ lé wa, á máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Nígbà tó fi lè rìn láìdi ògiri mú, ọmọ ti ń sáré, kò fẹ́ kí wọ́n pọn òun mọ́.

Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀, "Ọjọ́ tí mo ní kó o kúnlẹ̀ yẹn..."

Ó ní, "Màmá, ọbẹ̀ ń tutù."

Ibà mú ọmọ mi lójò tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi pa á. Mi ò parí ọ̀rọ̀ yẹn. Tí wọ́n bá bi ọmọ rẹ̀ pé ìyá rẹ̀ dà, èmi ló ń nawọ́ sí.