Irin Róbótó Tí Màmá Mi Rà

Ọjọ́ Sátidé kan ní Etobicoke, ìlú òyìnbó tí mò ń gbé, ni ọjọ́ tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Màmá mi, tó wá kí mi láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ra irin róbótó kan lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń ta ẹrù àtijọ́.

"Bùlẹ́ńdà yín kàn ń fi ata ṣeré ni," ni wọ́n wí. "Èyí ni n ó máa fi lọ̀ ọ́."

Nítorí pé irin náà ti dípẹtà, wọ́n fi epo pa á, wọ́n sì gbé e sínú ààyè ìyan-nǹkan tó wà lábẹ́ sítóòfù kí ó lè yan, bí a ṣe máa ń ṣe fún ìkòkò irin tuntun.

Èéfín ló mú kí onílé wa, òyìnbó àgbà tó ti ṣe sójà orí omi rí, sọ̀ kalẹ̀ wá. Bí ó ti rí ihò tí wọ́n dí lára irin náà, ó pa iná, ó sì fà wá jáde. Ó pariwo pé ọta àgbá ọkọ̀ ogun àtijọ́ ni, pé ẹ̀tù wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá wá gbé e lọ. Màmá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Nígbà Ogun Agídìngbì, tí ọkọ̀ ogun òyìnbó yìnbọn lu Èkó," ni wọ́n wí, "ọ̀kan irú rẹ̀ bọ́ sí àgbàlá ìdílé wa, kò bú. Wọ́n fi ṣe ọ̀kan nínú ààrò mẹ́ta tí wọ́n ń gbé ìkòkò lé."

"Ta ló wá dáná, Màmá?"

"Ìyá àgbà ìyá àgbà mi. Nígbà tó bú, ọmọ wọn tí obìnrin aládùúgbò kan pọ̀n lọ nìkan ló yè é. Ara rẹ̀ ni gbogbo wa ti ṣẹ̀."

Nígbà tó yá, wọ́n padà sí Èkó. Èmi ni sítóòfù náà kù fún. Kí n tó tan án, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí i wò, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ dájú pé kò sí nǹkan níbẹ̀.