Orúkọ Tí Péńtà Kò Fẹ́ Kọ

Òkú ni Péńtà ń jowú. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó ń jowú alààyè lè bá a wọ̀yá ìjà lójú títì, kó fa aṣọ rẹ̀ ya, kí àwọn aládùúgbò wá là wọ́n, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ fi òkú ṣe? Òkú ò darúgbó, òkú ò hanrun, òkú ò sì bínú nítorí ọbẹ̀ tó jóná. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni Péńtà fi ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ du ìyàwó ara rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ orúkọ òpópónà sára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kàn mọ́ igun ilé. Òpópónà tí òun gan-an ń gbé, orúkọ márùn-ún ló ti jẹ́. Nígbà tí Péńtà ń kọ́ṣẹ́, orúkọ ọba ilẹ̀ òkèèrè kan tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò fojú rí rí ló ń jẹ́. Ogun tó kárí ayé parí, àwọn àjèjì tó ń ṣàkóso palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, ó di Òpópónà Òmìnira. Òmìnira ò tíì gbẹ dáadáa lára irin tí àwọn sójà fi gbàjọba, tí wọ́n ní kó kọ ọjọ́ tí àwọn gbà á síbẹ̀, bí ẹni pé títì ń ṣe ọjọ́ ìbí! Lẹ́yìn wọn ni ẹgbẹ́ òṣèlú kan dé tó ní gbogbo nǹkan ti di ti gbogbo èèyàn. Ó di Òpópónà Aráàlú. Àwọn aráàlú tó ń gbé ibẹ̀ ò kúkú rí omi ẹ̀rọ lò.

Tí orúkọ tuntun bá dé, Péńtà á fi abẹ ha ti tẹ́lẹ̀ dànù, á fi sáńpépà gbo irin náà títí yóò fi dán, á wá fi ọ̀dà pupa kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó ń rí ọ̀dà pupa yìí, torí funfun ló ń bò ó kí lẹ́tà dúdú tó gun orí ẹ̀. Síbẹ̀ òun ló ń dènà kí irin má dógùn-ún. Ọ̀gá tó kọ́ Péńtà níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹni tó bá fo ọ̀dà pupa ti ja ẹni tó gbéṣẹ́ wá lólè. Péńtà ò fò ó rí, ìjọba yòówù kó jẹ́. Kò bá ọ̀kankan nínú wọn jà, kò sì yin ọ̀kankan. Kí wọ́n ṣáà ti fún òun ní lẹ́tà tí òun máa kọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá ìjọba jà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n jọ ti kọ́ṣẹ́, kí ọ̀rẹ́ náà tó gba ilé ìtẹ̀wé lọ. Agbẹnusọ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí pé láti kékeré, ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, òun ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan náà, aránṣọ tó máa ń jókòó sí ojú fèrèsé, ni àwọn méjèèjì dẹnu kọ. Péńtà ló fẹ́ ẹ. Ẹ ò wá ní sọ pé ó ti tán? Rárá o! Bí Agbẹnusọ bá yà kí wọn, Péńtà á máa ka iye ìgbà tí ìyàwó òun rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ó ka mọ́kànlá. Òun tí wọ́n jọ ń gbé, mélòó ló ń rí gbà lọ́sẹ̀?

Nígbà ìjọba Aráàlú, Agbẹnusọ tẹ ìwé pélébé kan pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn dìbò. Wọ́n mú un ní oríta tó wà nísàlẹ̀ òpópónà, lọ́sàn-án gangan. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ní àìsàn pa á sí àtìmọ́lé. Péńtà sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Oṣù kan ni obìnrin náà ò fi fọwọ́ kan máṣíìnì. Nígbà tó padà sídìí ẹ̀, ó gbé e kúrò lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí títì. Ibẹ̀ ni owú tó ti ń rú èéfín lábẹ́lẹ̀ ti gbiná. “Ẹ̀hẹ́n,” ni Péńtà wí nínú ara rẹ̀, “ẹni tó wà lọ́kàn rẹ̀ rèé. Èmi kàn jẹ́ onílé tiẹ̀ ni.” Kò bi í. Fún ọdún méjìlá, kò bi í. Ó kàn ń wò ó.

Ìgbà tó yá, rédíò ní wọ́n ti wó odi ńlá kan nílùú òkèèrè, àwọn èèyàn ń fi òòlù gbẹ́ ẹ mú relé. Kí ọdún náà tó yípo, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ Aráàlú ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àwọn èèyàn sì tò láti dìbò. Oṣù kejì lẹ́yìn ìbò ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú gbé irin tuntun méjì wọ ṣọ́ọ̀bù Péńtà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Péńtà. Òpópónà yín ti di Òpópónà Agbẹnusọ. Ẹ kọ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan ní oríta ìsàlẹ̀. Ó ní láti dùn mọ́ yín, ọ̀rẹ́ yín kọ́ ni?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni,” ni Péńtà wí.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín aṣọ tó ń gé. “Bàbá ọmọ mi, ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ ọ́?”

“Èmi kẹ̀. Ṣé péńtà mìíràn wà ládùúgbò yìí ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ẹ kọ ọ́ kó pẹ́.”

Ẹ ò rí i? Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Péńtà ti ń kọ nǹkan, ìyàwó rẹ̀ ò bẹ̀ ẹ́ rí pé kó kọ ohunkóhun kó pẹ́. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó tilẹ̀kùn. Ó gbo irin méjèèjì. Ó wo agolo ọ̀dà pupa, ó wò ó títí, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Funfun ló kùn sórí irin lásán. Lẹ́tà tó wá kọ lé e lórí, kò kọ èyí tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i, ó yìn ín. Péńtà nìkan ló mọ̀ pé òjò ọdún méjì ò ní kọjá lórí orúkọ náà kó tó bó.

Ó rò pé ara òun máa balẹ̀. Ara wo? Láràárọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń gbé àpótí ìjókòó lọ sí oríta, tó ń gun orí ẹ̀, tó ń fi àkísà tútù nu eruku kúrò lára orúkọ ọkùnrin mìíràn, lójú gbogbo ayé! Péńtà á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á máa fọ búrọ́ọ̀ṣì tí kò nílò fífọ̀. Tó bá rí i tó ń nù ún, bí ẹni ń nu ojú ọmọ, á fi oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Òjò ọdún kejì, ọ̀dà wú. Ó lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí, ó bó, irin abẹ́ ẹ̀ sì ti dógùn-ún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó lè ka nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Inú Péńtà dùn, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn débi tó fi súfèé.

Àárọ̀ ọjọ́ tó súfèé yẹn ni ìyàwó rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti wú. “Ẹ bá wa tún un kọ. Èmi fúnra mi máa ra ọ̀dà.”

“N ò kọ. Ṣé èmi ni ìgbìmọ̀ ìlú ni?”

“Bàbá ọmọ mi, mo bẹ̀ yín.”

Ibẹ̀ ni ọdún mẹ́rìnlá bú jáde lẹ́nu Péńtà. “Máa lọ! Máa lọ bá a! Ọjọ́ tó kú lo ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Òun lo fẹ́, èmi lo bá gbélé. Ṣé mi ò lójú ni?”

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí ò gbọ́ èdè. Ó fi ọwọ́ wá ìjókòó, ó jókòó.

“Ṣé ohun tẹ́ ẹ ti ń rò látọjọ́ yìí nìyẹn? Ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ parí kíkun ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Aráàlú? Ẹ dé lọ́sàn-án, ẹ ò lè jẹun, ẹ sùn fọnfọn. Agbẹnusọ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní kí n fi òun pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù yín, ọjọ́ kan péré. Mo ní rárá.”

Péńtà gbé búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Mo ní tí wọ́n bá bá a níbí, ẹ̀yin ni wọ́n máa gbé. Mo ní ọkọ kan ṣoṣo ni mo ní, kó máa lọ. Ó yọjú wo inú yàrá, ó rí yín lórí ibùsùn, ọ̀dà ṣì wà létí yín. Ó ní, ‘Má jí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́.’ Ló bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Ojú fèrèsé ni mo wà nígbà tí wọ́n mú un ní oríta. Mo rí gbogbo rẹ̀.” Ó fi àkísà nujú. “Ẹ̀yin ni mo yàn, Bàbá ọmọ mi. Ohun tí mo fi yàn yín ni mò ń lọ nù láràárọ̀.”

Péńtà wo agolo ọ̀dà pupa tó wà lórí pẹpẹ. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀.

“Mi ò fi ọ̀dà pupa sí i.”

“Kí lẹ wí?”

“Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kó lè bó ni.”

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó bá péńtà gbélé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ò mọ iṣẹ́ ọ̀dà pupa. Kò pariwo, kò sì sunkún mọ́. Ó ká àkísà náà sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin.

“Èmi lé e jáde nílé,” ló wí. “Ẹ̀yin náà lé e kúrò lójú títì. Kí ló tún kù tá a fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa?”

Péńtà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láàárín àwọn agolo.